Ẹlẹ́wé Ridley Road tí kì í tà láìbéèrè ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́

Ẹlẹ́wé ọmọ ni ìyá mi ní Ọjà Ọba, n'Íbàdàn. Ìdí igbá rẹ̀ ni mo dàgbà sí, láàárín ẹ̀fínrín, ewúro, rinrin àti èèpo igi lóríṣiríṣi. Kí n tó mọ orúkọ ewé mẹ́wàá, mo ti mọ ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo oníbàárà: "Ta ló fẹ́ lò ó?" Bí wọ́n bá ní ọmọ ni, á ní, "Ọmọ oṣù mélòó?" Bí wọ́n bá ní ìyàwó àwọn ni, á bi wọ́n bóyá ó lóyún. Bí ẹni náà bá ń kánjú, tó na owó sí i pé kó ṣáà dì í, màmá á dá owó padà fún un. Mo rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nígbà tí kò sí owó nílé.

Ojú yẹn ni mo fi ń wo ẹnikẹ́ni tó bá ń ta ewé. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé báyìí, ní Hackney. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Ìsọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ọjà Ridley Road, ní Dalston. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rajà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ewé tí mo sì ń rà kì í wọ ìkòkò ọbẹ̀. Alángbá ọmọ mi ló ń jẹ ẹ́.

Àkàndé ni wọ́n ń pè é. Irú èyí tí òyìnbó ń pè ní bearded dragon ni, alángbá onírùngbọ̀n. Ilẹ̀ gbígbẹ àárín gbùngbùn Ọsirélíà ni ìran wọn ti wá, ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n ti ń sin àwọn tí wọ́n ń tà níbí. Ẹbí kan náà ni òun àti alángbá olórí pupa tó ń sáré lórí ògiri nílé. Bó bá ń mi orí, ẹ ó rò pé ẹ wà lẹ́yìnkùlé yín. Láti imú dé ṣóńṣó ìrù, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50. Awọ ọ̀fun rẹ̀ tó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè ní irùngbọ̀n; bí inú bá ń bí i, á wú, á sì dúdú bí èédú. Ayọ̀dèjì, ọmọ mi, ló sọ ọ́ ní Àkàndé, oríkì bàbá mi tó ti di olóògbé. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún màmá. Nígbà tí mo sọ ọ́ lórí fóònù, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé ó máa ń jókòó sójú kan, kó máa wo èèyàn bí ẹni pé ó ti mọ ohun téèyàn fẹ́ sọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ máa tọ́jú rẹ̀."

A ò tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ níbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí òun ló gbé mi dé Ridley Road.

Nígbà tí alángbá yìí bá kéré, kòkòrò ló ń jẹ jù: ìrẹ̀, eéṣú, aáyán tí wọ́n dìídì sìn fún un. Bó bá ti dàgbà, ewé ló máa ń gba ipò iwájú, kòkòrò á wá di ohun tó ń jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tà á fún wa sọ pé ewé tútù èyíkéyìí ló dára fún un. Èyíkéyìí. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti ta mí létí. Páásìlì ni Àkàndé fẹ́ràn jù. Mo yẹ páásìlì wò, mo rí i pé gíráàmù 100 rẹ̀ ní kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, mílígíráàmù 138 àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 58. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa oúnjẹ irú alángbá yìí ni pé kí kálísíọ̀mù tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Mo ní ó pé, ó tiẹ̀ lé. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń gé páásìlì fún un láràárọ̀ bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, kí n tó lọ sùn. Inú mi sì ń dùn bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ayọ̀dèjì wá jí mi. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, ẹ wá wo ọmọ ìka Àkàndé." Mo kúnlẹ̀ níwájú ilé onígíláàsì rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí òkúta rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ojú rẹ̀ là kedere. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọsán dùndún tí onílù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò ké, kò yí padà. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, mo sì ti fi kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíì. Ọjọ́ yẹn ni mo tó rí alángbá tínú ń run.

Dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa irú wọn ya ẹ́síréè. Egungun itan rẹ̀ tó yẹ kó funfun lójú àwòrán ṣú bí èéfín. Dókítà ní nǹkan méjì ló pàdé ara wọn. Àkọ́kọ́ ni iná. Ìtànṣán UVB, irú èyí tó wà nínú oòrùn, ni ara alángbá yìí fi ń ṣe fítámì D3, láìsí D3 sì rèé, kálísíọ̀mù tó bá jẹ kò ní wọ egungun. Iná UVB a máa tàn fún ojú wa nígbà tí ìtànṣán rẹ̀ ti lọ tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká pààrọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Tiwa ti lé ní ọdún kan àbọ̀. Ìkejì ni páásìlì. Oxalate pọ̀ nínú rẹ̀, oxalate yìí a sì máa so mọ́ kálísíọ̀mù nínú ikùn, tí àwọn méjèèjì á jọ jáde. Nọ́ńbà tí mo kà kò parọ́, ṣùgbọ́n mílígíráàmù 138 yẹn kò dé ibi tí mo rán an. Dókítà kò bá mi wí. Ó ní ewé páásìlì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò lè ṣe alángbá ní nǹkan kan. Àràárọ̀ tí mo ń fún un, tí iná sì ti kú lórí rẹ̀, ló dá a lẹ́rù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi lo oògùn kálísíọ̀mù olómi. Ayọ̀dèjì ló ń kán an sí i lẹ́nu láràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Gbígbọ̀n náà lọ. Ẹsẹ̀ yẹn ṣì tẹ̀ díẹ̀ títí dòní, kò sì ní nà mọ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí n ó ti máa ra ewé nìyẹn, pẹ̀lú ojú ọmọ ẹlẹ́wé tó yẹ kí n ti fi wò ó tẹ́lẹ̀. Ewé inú ọ̀rá ti súpámákẹ́ẹ̀tì mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan ni, ó sì máa ń yọ omi dúdú lọ́jọ́ kẹta. Èyí tó wà nínú ìkòkò sàn díẹ̀, pàápàá básílì. Ẹ má ṣe jẹ́ kó tàn yín pé igi kan ló wà níbẹ̀: ọmọ básílì bí ogún ni wọ́n há pọ̀ sójú kan, ìdí nìyẹn tó fi tètè ń rọ. Mo máa ń pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, kí n gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò tirẹ̀ lójú fèrèsé. Ewé tó bá a wá láti ṣọ́ọ̀bù, mi ò fún Àkàndé nínú rẹ̀, èyí tó bá hù lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mò ń fún un. Mi ò sì jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ já a nínú ìkòkò, nítorí ajílẹ̀ inú iyẹ̀pẹ̀.

Mo tún ra ewé gbígbẹ inú agolo tí wọ́n ya àwòrán alángbá sí lára. Páásìlì ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ lára ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo dá a padà lọ́jọ́ kejì. Yàtọ̀ sí páásìlì, ara ewé tútù ni alángbá yìí ti ń rí ọ̀pọ̀ nínú omi tó ń mu. Ewé gbígbẹ kò lè ṣe ìyẹn fún un.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo kọ́kọ́ dúró ní ìsọ̀ Ridley Road yìí. Tábìlì mẹ́ta ni, tí wọ́n to ewé sí bí ẹní: ìdì kọ́ríáńdà, ìdì dìlì, ìdì míǹtì, páásìlì oríṣi méjì, rọ́kẹ́ẹ̀tì, ewé ráńpẹ́ mìíràn tí mi ò mọ̀. Ará Tọ́kì ni bàbá tó ni ín, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Mo kó kọ́ríáńdà mẹ́rin, dìlì méjì, míǹtì kan, àti ìdì ewé kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí koríko. Mo na owó sí i. Kò gbà á. Ó ní kí ni mo fẹ́ sè. Mo ní mi ò fẹ́ sè é, alángbá ni mo fẹ́ fún.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ewé tẹ́ẹ́rẹ́ náà kúrò láàárín wọn, ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀, ó ní, "Ìyẹn kọ́. Àlùbọ́sà ni ìyẹn." Chives ni. Ẹbí àlùbọ́sà ni lóòótọ́, àlùbọ́sà àti aáyù kò sì yẹ kó dé ẹnu alángbá. Ó ní lábúlé àwọn, ìjàpá máa ń rìn kiri nínú ọgbà ìyá àgbà òun, kékeré lòun ti mọ ohun tí ẹranko bẹ́ẹ̀ ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ. Lẹ́yìn náà ló tó gba owó.

Ọdún kọkànlá mi ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹni tó ń ta ewé fún mi máa béèrè ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè rìn.

Nígbà tí mo padà lọ, mo béèrè orúkọ rẹ̀ kí n lè máa kí i. Ó ní kí n máa pe òun ní Abi. Mo rò pé ìbéèrè ló ń bi mí. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ló túmọ̀ sí lédè wọn, bí wọ́n sì ṣe máa ń pe ọkùnrin tó bá ju èèyàn lọ nìyẹn, ì báà má jẹ́ ọmọ ìyá ẹni. Èmi náà, abla ló ń pè mí, ẹ̀gbọ́n obìnrin, bẹ́ẹ̀ ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Ọ̀wọ̀ ni. Bí àwọn oníbàárà ìyá mi tó dàgbà jù ú lọ ṣe ń pè é ní "ìyá" ní Ọjà Ọba náà ni.

Kọ́ríáńdà rẹ̀ ló ń gbé mi padà lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ìdì kan nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ díẹ̀. Gbòǹgbò yẹn ni mo fi máa ń mọ̀ pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n fà á tu. Bí mo bá délé, mo máa ń rẹ ewé náà sínú omi tútù, kí n da omi nù, kí n tún rẹ ẹ́, títí tí ìsàlẹ̀ abọ́ kò fi ní erùpẹ̀ mọ́. Apakòkòrò ni mò ń ṣọ́, àti yanrìn. N ó gbọn omi dànù, n ó fi gbòǹgbò rẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù olómi, n ó da aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ó di inú fíríìjì. Ọjọ́ mẹ́jọ ló ń lò lọ́dọ̀ mi kí ewé kan tó pọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi fi kọ́ríáńdà rọ́pò páásìlì, nítorí wọ́n jọra débi pé ojú lè ṣi èèyàn. Nínú àtẹ oúnjẹ tí iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1984, oxalate inú gíráàmù 100 páásìlì jẹ́ gíráàmù 1.70. Ti spinach gan-an, tí gbogbo ẹni tó ń sin alángbá yìí ń sá fún, jẹ́ 0.97. Ti kọ́ríáńdà jẹ́ 0.01. Kálísíọ̀mù kọ́ríáńdà kò pọ̀, mílígíráàmù 67 sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 48, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ní kò ní ohun tó ń jí i gbé. Abi máa ń já ewé kan, á fún un láàárín ìka méjì, á gbé e sí mi nímú. Òórùn kọ́ríáńdà kò jọ ti páásìlì rárá. Mo ti fi kọ́ Ayọ̀dèjì, kò sì lè ṣì wọ́n mú mọ́ bó tiẹ̀ di ojú.

Dìlì dára, kálísíọ̀mù rẹ̀ tó 208 sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 66. Àkàndé ò bìkítà fún un, àfi tí mo bá fi pamọ́ sáàárín rọ́kẹ́ẹ̀tì. Básílì ni mo kà sí ọba nínú gbogbo wọn: 177 sí 56, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Míǹtì, ewé méjì lọ́sẹ̀, torí òróró rẹ̀ le. Táìmù àti rósímárì kún fún kálísíọ̀mù lójú ìwé, ṣùgbọ́n òróró inú wọn le ju kí wọ́n di oúnjẹ lọ. Ṣóńṣó ìka kan, mo sì máa ń gbàgbé.

Gbogbo àwọn ewé olóòórùn yìí, èròjà ọbẹ̀ ni wọ́n jẹ́, wọn kì í ṣe òkèlè. Òkèlè Àkàndé ni rọ́kẹ́ẹ̀tì, ewé kábéèjì tí kì í di orí tí wọ́n ń pè ní spring greens, àti dandelion. Dandelion yìí, nígbà tí màmá wá kí wa, ó rí i nínú ọgbà wa, ó ní, "Yánrin ṣáà nìyí." Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n lóòótọ́. Inú orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún yánrin wa, taraxacifolia, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ewé rẹ̀ jọ ti dandelion. Ọwọ́ màmá ló fi já a fún Àkàndé lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ilé onígíláàsì náà fún bí wákàtí kan, tí wọ́n ń wo ara wọn. Inú ọgbà ara wa nìkan la ti ń já a. Ti etí títì àti ti ibùdó ìṣeré ọmọdé, ajá ti tọ̀ sí i, tàbí kí wọ́n ti fi oògùn apakoríko fọ́n ọn.

Ó ku ẹ̀fọ́ tiwa. Ridley Road kún fún un: ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa wà níwájú Abi díẹ̀, ẹ ó rí tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewúro, ẹ̀fínrín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi mí bóyá Àkàndé ń jẹ nínú wọn. Tẹ̀tẹ̀, rárá: gíráàmù 1.09 ni oxalate rẹ̀ nínú àtẹ kan náà yẹn, ó ju ti spinach lọ. Gbúre náà kún fún un. Fún àwa tó ń bọ̀ ọ́, tí a ń da omi rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń bá omi lọ. Alángbá kì í bọ ẹ̀fọ́. Ẹ̀fínrín ló fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti màmá. Ẹbí básílì ni, mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ra. Màmá ní tí básílì bá bá a lára mu, kí ló ṣe ẹ̀fínrín? Mo ní òróró rẹ̀ le ju ti básílì lọ, tí èèyàn bá fún un lójú ọgbẹ́, ẹ mọ bó ṣe ń ta. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ náà ni ká fi máa ṣọ́ra." A fi ẹ̀fínrín sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Pía náà, tí àwọn ará ibí fi ń pa búrẹ́dì, ẹ má jẹ́ kó dé ẹnu rẹ̀ láé, oró ni.

Bó ṣe ń jẹun ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Àárọ̀ ni mo máa ń fún un, tí òkúta rẹ̀ bá ti gbóná tó bíi dígíríì 40, torí láìsí ooru oúnjẹ kò ní dà nínú rẹ̀. Mo máa ń gé ewé wẹ́wẹ́, kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. N ó bu ẹ̀tù kálísíọ̀mù díẹ̀ wọ́n ọn. Á gbórí sókè, á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú kan lè wo abọ́ náà dáadáa. Ahọ́n rẹ̀ á yọ, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó nípọn, ó tutù. Á fi lẹ ewé kọ́ríáńdà kan. Igi ewé náà á yọ létí ẹnu rẹ̀ bí orín. Á jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á dákẹ́, á di ojú, á tún jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ayọ̀dèjì á máa ka iye tó jẹ. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ fífọ̀ ni, pẹ̀lú ọṣẹ, kò sí àwáwí. Alángbá lè gbé Salmonella, kòkòrò àrùn tó ń fa inú rírun, káàkiri láì jẹ́ pé ó ń ṣàìsàn, nítorí náà ọ̀bẹ rẹ̀, pákó rẹ̀ àti abọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, a kì í sì í fọ̀ wọ́n níbi tí a ti ń fọ àwo oúnjẹ.

Ìsọ̀ Abi kò pé. Rọ́bà tó fi ń di ewé ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n kéré, àwọ̀ ewé ni púpọ̀ nínú wọn ní. Nígbà kan, mo gé kọ́ríáńdà tán, mo ti fẹ́ gbé abọ́ wọlé fún un kí n tó rí ègé rọ́bà kan láàárín ewé, tó gùn tó ìka mi kékeré. Bí Àkàndé bá gbé ìyẹn mì, ó lè dí ìfun rẹ̀. Mo mú un lọ fi han Abi lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ yí padà. Látìgbà náà, ó máa ń tú rọ́bà kúrò lára tèmi kó tó kó o sínú àpò, ṣùgbọ́n ti àwọn oníbàárà yòókù ṣì wà bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó fi okùn rọ́pò rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Ó tún máa ń wọ́n omi sí ewé lọ́pọ̀lọpọ̀ tí oòrùn bá mú, àárín ìdì á wá máa jẹrà kí ìta tó mọ̀. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó sanwó. Kì í bínú. Básílì rẹ̀ kò ṣeé gbára lé lásìkò òtútù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń dúdú. Kò kọ ibi tí ewé ti wá sára nǹkan kan. Tí ẹ bá bi í, á sọ fún yín, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé tí èrò pọ̀, ọmọkùnrin kan tó ń bá a tajà ló máa dá yín lóhùn, òun kì í béèrè ohunkóhun. Owó ló ń gbà. Lọ́jọ́ tí mo bá bá a níbẹ̀ lóun nìkan, mo máa ń dúró de Abi.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ìsọ̀ náà. Rọ́bà ló jẹ ìkan tó kù, tí okùn bá dé, n ó dá a padà. Fún ìmọ̀ àti inú rere ẹni tó ni ín, mi ò ní ju márùn-ún lọ láti fún un.

Bí ẹ bá jáde ní ìdíkọ̀ Dalston Kingsland, ẹ sọdá títì ńlá, ẹnu ọjà wà níwájú yín gan-an. Ẹ máa lọ tààrà, ẹ kọjá àwọn onífàbíríìkì àti àwọn ẹlẹ́ja; òórùn míǹtì ló máa kọ́kọ́ kí yín. Kì í sí ọjà lọ́jọ́ Àìkú. Ààrín ọ̀sẹ̀, kó tó di aago mọ́kànlá, ló dára jù, Abi fúnra rẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ mú àpò tiyín dání, ẹ sì sọ ẹni tó fẹ́ jẹ ewé náà fún un kó tó béèrè.